Òdo Tó Ń Yí Nọ́ńbà Padà: Láti Orí Ṣílè Dé Orí Kọ̀ǹpútà

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Ṣáájú ọjọ́ náà, pẹ́nì 12, tí àwọn Yorùbá ń pè ní kọ́bọ̀, ni ṣílè kan. Ṣílè 20 sì ni pọ́n-ùn kan. Lẹ́yìn rẹ̀, kọ́bọ̀ tuntun 100 di náírà kan, pọ́n-ùn kan sì di náírà méjì. Orúkọ kọ́bọ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n mẹ́wàá péré ni ó wá ń jẹ́ ṣílè.

Ẹ jẹ́ kí a fi oníṣòwò epo pupa kan ní Ìkọ̀yà, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá kọ 1/10/- sínú ìwé gbèsè ní ọdún 1972, pọ́n-ùn kan àti ṣílè mẹ́wàá ni, ìyẹn náírà mẹ́ta. Bí ọmọ rẹ̀ bá kà á ní ọdún 1973 sí náírà kan àti kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ó ti pàdánù náírà kan àti àádọ́rùn-ún kọ́bọ̀. Kò sí ẹni tó jalè. Òfin tí a fi ń ka nọ́ńbà ni ó yí padà.

Òǹkà Yorùbá kì í fi irú òfin bẹ́ẹ̀ pamọ́. Orí ogún ni ó dúró lé, gẹ́gẹ́ bí Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS, ti ṣàlàyé nínú àròkọ rẹ̀ ní ọdún 1887, tí ó sì so ó pọ̀ mọ́ kíka owó ẹyọ. Ẹ̀tàdínlógún sọ gbangba pé a yọ mẹ́ta kúrò nínú ogún. Ọgọ́ta jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n 17 tí a kọ sórí ìwé kò sọ ìdí òǹkà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Inú àlàfo yìí ni àwọn oníkọ̀ǹpútà kó sí. Ní ọdún 1969, Ken Thompson bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs lórí ẹ̀rọ PDP-7, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ bíìtì 18. Bí a bá pín bíìtì ní mẹ́ta-mẹ́ta, òǹkà tó dúró lórí mẹ́jọ ni ó bá a mu. Nínú èdè B tí Thompson ṣe, àti C tí Dennis Ritchie mú jáde lára rẹ̀, òdo níwájú nọ́ńbà di àmì òǹkà náà. Ó ṣì wà nínú àṣẹ lórí fáìlì: kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, ṣíṣiṣẹ́ jẹ́ 1, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 7.

Bash, tí ó jáde ní ọdún 1989, jogún òfin yìí nínú ìṣirò rẹ̀. Àwọn tó ń kọ àkójọ àṣẹ láti dán ètò ìpamọ́ fáìlì wò a sì máa fi òdo ṣíwájú nọ́ńbà kí wọ́n lè tò dọ́gba: 001, 002, títí lọ. Bí Bash bá dé 008, yóò kígbe pé kò sí 8 nínú òǹkà náà. Bí ó bá dé 010, kò ní sọ nǹkan kan. Yóò kà á sí mẹ́jọ. Irinṣẹ́ mìíràn tún lè kọ 1000 láìsí àmì, kí ó sì jẹ́ 4096, nítorí orí mẹ́rìndínlógún ni ó ti kà á.

Èyí tó kígbe kò burú tó èyí tó dákẹ́. Ìdánwò tó yẹ ibi tí kò yẹ wò lè kéde pé àlàáfíà ni dísìkì wà, nígbà tí àkọsílẹ̀ báńkì tàbí ti ilé ìwòsàn ń bàjẹ́ lórí rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Nínú Bash, 10# níwájú nọ́ńbà sọ pé orí mẹ́wàá ni kí a ti kà á. Python 3, ní ọdún 2008, kọ 010 sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ òǹkà orí mẹ́jọ gbọ́dọ̀ kọ 0o10. Ohun tí ìtàn náírà àti ti Unix fi hàn kò yàtọ̀: ẹni tó bá kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ènìyàn tàbí ẹ̀rọ, ní láti kọ ìdí òǹkà rẹ̀ pẹ̀lú.