Ọkọ̀ Havock àti orúkọ tí wọ́n gé kúrú

Ẹ̀rù ọkọ̀ kéékèèké ló bí Havock. Ní àwọn ọdún 1880, ilẹ̀ Faransé kan ọkọ̀ tọ́pídò púpọ̀, ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó lè yọ́ sún mọ́ ọkọ̀ ogun ńlá lóru kó sì rì í. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ kan ọkọ̀ tí yóò máa lé wọn, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ kò tó. Ní 1892 wọ́n gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Yarrow ní Lọ́ńdọ̀nù, Havock sì bọ́ sómi ní oṣù kẹjọ ọdún 1893. Nígbà tí wọ́n dán an wò, eré rẹ̀ lé ní nọ́ọ̀tì 26, ìyẹn bíi kìlómítà 48 ní wákàtí kan.

Torpedo boat destroyer ni wọ́n pe irú rẹ̀: èyí tó ń pa ọkọ̀ tọ́pídò run. Àmọ́ Havock fúnra rẹ̀ ru tọ́pídò pẹ̀lú ìbọn. Kí ogun 1914 tó dé, irú ọkọ̀ yìí ti gba iṣẹ́ ọ̀tá rẹ̀ ṣe, Gẹ̀ẹ́sì sì ti gé ọ̀tá náà kúrò lára orúkọ; ó ku destroyer nìkan. Faransé kò gé e bẹ́ẹ̀: contre-torpilleur, tí àwa ará Àjàṣẹ́ ń kà nínú ìwé, di ọ̀tá náà mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yorùbá ńkọ́? Nínú a-pa-ni-run, àárín ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni àbọ̀ jókòó sí; bí a bá yọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà kò dúró mọ́.

Havock kò pa ọkọ̀ tọ́pídò kankan run. Etíkun ilé ló wà. Wọ́n pààrọ̀ bọ́ílà rẹ̀ nígbà tó yá, wọ́n sì tà á ní 1912.