Àwo Oníṣẹ́jú Mẹ́ta: Bí Orin Gòjé Írẹ́lándì Ṣe Wọ Inú Rẹ́kọ́ọ̀dù

Ní ọdún 1916, Ellen O'Byrne DeWitt, obìnrin ọmọ Írẹ́lándì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní New York, rí i pé àwọn oníbàárà òun ń béèrè ọjà tí òun kò ní. Àwo orin ijó ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń wá, irú èyí tí wọ́n ń jó nílé kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi. Kò sí irú ẹ̀ lórí igbá. Ó tọ ilé iṣẹ́ Columbia lọ pé kí wọ́n gbé e jáde. Wọn ò fẹ́ náwó sí ohun tí wọn ò mọ̀ bóyá yóò tà, ni obìnrin náà bá ní òun fúnra òun yóò ra 500 ẹyọ lọ́wọ́ wọn. Ó rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jáde pé kó lọ wá olórin wá. Onídùùrù alápò kan, Eddie Herborn, àti oníbáńjò kan, John Wheeler, ni wọ́n mú wá. Àwo náà tà wàràwàrà. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ti mọ̀ pé owó ń bẹ lápò ẹni tí àárò ilé ń sọ.

Kò pẹ́ tí gòjé òyìnbó, ìyẹn fáyólìn, fi gba iwájú lórí irú àwo bẹ́ẹ̀. Fáyólìn kan náà tí ẹ mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni; bí wọ́n ṣe ń ta á ló yàtọ̀. Lábúlé, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ onígòjé ni kó gbé ẹsẹ̀ oníjó kúrò nílẹ̀. Ilé ìdáná, tó jẹ́ yàrá tó tóbi jù lọ nínú ilé àgbẹ̀, ni wọ́n ti ń jó. Olórin á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì sí ẹni tó ń wo aago. Orin náà kò ní ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá a. Ríìlì àti jíìgì ló wọ́pọ̀ jù. Apá méjì ni ríìlì sábà máa ń ní, wọ́n á ta apá kìíní lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ta èkejì lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Francis O'Neill, ọmọ agbègbè Cork tó di ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Chicago, kó 1,850 irú orin wọ̀nyí jọ sínú ìwé kan ní 1903. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè sọ bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta gòjé yìí kò sì mọ ìwé orin kà.

Àwo ló sọ ọ́. Ọwọ́ tí àwo sì gbé káàkiri ju ti ẹnikẹ́ni lọ ni ọwọ́ Michael Coleman. Wọ́n bí i ní 1891 ní Knockgrania, nítòsí Killavil, ní gúúsù agbègbè Sligo ní Írẹ́lándì. Afunfèrè ni bàbá rẹ̀, òun sì ni àbígbẹ̀yìn. Ó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1914, ó bá àwọn òṣèré tíátà tó ń ti ìlú dé ìlú rìn, kó tó fìdí kalẹ̀ sí New York. Láti 1921 dé 1936, ó gba nǹkan bí 80 ojú àwo sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jim náà ń ta gòjé, àwọn kan ní Killavil kò sì gbà rí pé àbúrò ju ẹ̀gbọ́n lọ. Kò sí ẹ̀rọ tó gbohùn Jim sílẹ̀, ẹjọ́ ọ̀hún kò sì lè parí.

Ohun tó wù mí kí a dúró lé lórí ni ìwọ̀n àwo náà. Àwo 78 (tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan) tó jẹ́ íńṣì mẹ́wàá kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Ṣáájú 1925 kò sí máíkì nínú iṣẹ́ yìí; olórin á kọjú sí ẹnu ìwo ńlá kan, agbára ohùn gòjé fúnra rẹ̀ ni yóò mi abẹ́rẹ́ tó ń fín ipa sórí ìda. Bó bá ṣi ọwọ́, wọ́n á da ìda náà nù, wọ́n á mú òmíràn. Kò sí oníjó nínú yàrá. Ilé iṣẹ́ á tún gbé onípíánò kan tì í, ẹni tí kò sábà mọ orin náà. Nínú àwo mélòó kan láti àwọn ọdún 1920 wọ̀nyẹn, gòjé á ti yà sí ọ̀nà tirẹ̀, píánò á ṣì máa táràrà lẹ́yìn bí àlejò tó ń tẹ̀lé onílé nínú òkùnkùn. Mo rò pé iyì Coleman tilẹ̀ pọ̀ sí i nítorí èyí, torí kò wo ẹ̀yìn.

Kí ni onígòjé lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣe? Bó bá ta ríìlì kan ṣoṣo, á yí i po nǹkan bí ìgbà mẹ́fà, yóò sì sú ẹni tí kò jó, tó kàn jókòó ti giramafóònù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so orin méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lórí ojú àwo kan, tí Coleman sì ń yí nǹkan padà nígbàkigbà tí apá kan bá padà wá. Ó lè fi ìka ọwọ́ òsì lu okùn, kó gbé e, kó tún lù ú, kí ohùn kan ṣoṣo máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ láìjẹ́ pé orin dúró. Nígbà kejì á fi ohùn náà sílẹ̀ gbọọrọ, á fi ọrun gòjé fà á. Etí ni èyí wà fún. Ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ jó nínú ariwo kò lè gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Ẹ wo àwo tó ṣe ní 1934, tó so ríìlì mẹ́ta pọ̀: The Tarbolton, The Longford Collector àti The Sailor's Bonnet. Títí di òní, ní ilé ọtí tí àwọn olórin wọ̀nyí ti ń pàdé, ní Dublin ni o, ní Boston ni o, bí ẹnì kan bá fa ìkíní, ọwọ́ àwọn yòókù ti mọ èyí tó kàn. Àṣà àtayébáyé lẹ̀ẹ́ pè é, àbí? Ẹ má gbàgbé pé àwo ló sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Orúkọ ìkíní gan-an kì í ṣe ti Írẹ́lándì: abúlé kan ní Skọ́tlándì ló ń jẹ́ Tarbolton.

Àwọn àwo náà padà sílé. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ń fi wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ àti owó, àdúgbò á sì pé jọ sí ilé ẹni tó bá ní giramafóònù. Láìpẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tí kò dé Sligo rí ti ń ta gòjé bí ará Sligo. Kí Coleman tó dé, gbogbo agbègbè ló ní bí ó ṣe ń fa ọrun tirẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan rò pé ohun tí bàbá wọn ń ta kò dáa tó mọ́. Òfin ọdún 1935 tún bọ́ sí i, èyí tó ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣe ijó ìta gbangba láìgba ìwé àṣẹ nílé ẹjọ́. Àwọn àlùfáà àti ọlọ́pàá fi òfin yìí lé ijó inú ilé kúrò lábúlé púpọ̀. Wọ́n kó ijó lọ sí gbọ̀ngàn, níbi tí ẹgbẹ́ olórin ti nílò ariwo ju ọgbọ́n ọwọ́ lọ. Ní ti Coleman fúnra rẹ̀, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà tó dojú dé ti ba ọjà àwo jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kú ní New York ní oṣù kìíní ọdún 1945, ní ẹni ọdún 53.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Gòjé tiwa, olókùn kan ṣoṣo, tí wọ́n fi irun ẹṣin, igbá àti awọ ṣe, irú àwo kékeré bẹ́ẹ̀ náà ló kọ́kọ́ bá orin sákárà Abibu Oluwa wọ̀. Ìgbà tí àwo ńlá dé ni Yusuf Olatunji, olórin sákárà mìíràn, tó rí àyè ki èèyàn délé lójú kan àwo.

Àwọn kan wà tí ìjì Coleman kò gbé lọ. Ní Sliabh Luachra, níbi tí Kerry àti Cork ti pààlà, Pádraig O'Keeffe kúrò ní ipò olùkọ́ ilé ìwé, ó ń ti abúlé dé abúlé kọ́ ọmọ ènìyàn ní gòjé títí ó fi kú ní 1963. Kò bá ilé iṣẹ́ kankan ṣe àwo. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa ni ohun tí àwọn tó ń kó orin jọ gbà lẹ́nu gòjé rẹ̀. Séamus Ennis gbé ẹ̀rọ BBC wọ ilé ọtí kan ní Castleisland lọ ní 1952, ó bá O'Keeffe níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ méjì, Denis Murphy àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Julia Clifford. Ọdún 1977 ni orin ọjọ́ náà tó di àwo, Kerry Fiddles. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ṣe tiwọn ní 1969, The Star Above the Garter, gòjé méjì tó wọnú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò ní mọ ọwọ́ ta ni ta ni.

Àwo ńlá tó ń gba ohun tó lé ní 20 ìṣẹ́jú lójú kan ti dé láti 1948, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onígòjé ṣì ń so orin wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, bí ẹni pé àwo 78 kò tíì kú. Tommy Potts ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n gbà pé èèyàn lè ṣe nǹkan mìíràn. Ọmọ Dublin ni, ó ti ṣe panápaná rí. Ẹyọ àwo kan péré ló ṣe láyé rẹ̀, The Liffey Banks, ní 1972. Gòjé nìkan ni, kò sí píánò, kò sí ohunkóhun. Á mú ríìlì tí gbogbo ayé mọ̀, á fa ìlà kan gùn, á gé òmíràn, títí ìdiwọ̀n ijó á fi já. Oníjó tó bá dìde á ṣubú. Kì í ṣe gbogbo àgbà ló fara mọ́ ọn. Síbẹ̀ òun náà ló ni The Butterfly, tí ẹgbẹ́ Bothy Band gbé sáyé ní 1975, tí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fáyólìn ń ta báyìí, tí ọ̀pọ̀ sì rò pé kò ní olóhun.

Ní 1992, Harry Bradshaw kó àwọn àwo Coleman jọ, ó fọ ohùn wọn mọ́, ó sì gbé wọn jáde pẹ̀lú ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Ọdún méje lẹ́yìn èyí ni Martin Hayes láti Clare, ọmọ P. Joe Hayes ti ẹgbẹ́ olórin ijó Tulla, àti Dennis Cahill, onígìtá ọmọ Chicago, gbé Live in Seattle jáde. Wọ́n so orin pọ̀ níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 25 láìdúró, láti orí orin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi di eré sísá. Bí ó bá jẹ́ ayé Coleman ni, ojú àwo bíi mẹ́sàn-án ni yóò gbà, oníbàárà á sì máa dìde yí àwo láàárín.