Àwòrán Tí Gẹ̀ẹ́sì Kò Yà ní Ìwọ̀ Oòrùn Èkìtì

Bí ènìyàn bá jókòó sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìkàwé ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ní kí wọ́n kó àwọn ìwé alàwòrán tí wọ́n tẹ̀ nípa ilẹ̀ Yorùbá àti agbègbè rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá, kò ní í pẹ́ tí tábìlì iwájú rẹ̀ yóò fi kún. Yóò rí Èkó, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí èéfín ń rú lẹ́nu ìbọn wọn. Yóò rí Abẹ́òkúta lábẹ́ àpáta. Yóò rí ìgbé ayé àwọn míṣọ́nnárì ní Ìbàdàn, yóò sì rí àwọn obìnrin ológun ọba Dahomey pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè Ìjerò, bí ó bá béèrè Àrámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọwọ́ rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Kì í ṣe pé àwọn ìlú wọ̀nyí kéré. Ta ni ó ń gbọ́ ẹsẹ Ifá tí kò mọ orúkọ Alárá àti Ajerò? Alárá ni wọ́n ń pe ọba Àrámọkọ títí di òní, Ajerò sì ni ọba Ìjerò. Òkèmẹ̀sí, tí kò jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n, ni Fábùnmi ti pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní ọdún 1878, tí ọ̀rọ̀ náà fi di ogun Kírìjì. Ilẹ̀ tí ó bí ogun tí ó gun jù lọ nínú ìtàn Yorùbá kì í ṣe ilẹ̀ tí ó yẹ kí ojú fò. Ìdí tí ojú àwọn ayàwòrán fi fò ó wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe àwòrán wọ̀nyẹn.

Ọwọ́ ológun ojú omi ni púpọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, yíyà àwòrán èbúté àti etíkun jẹ́ ara iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀gá ọkọ̀, nítorí ẹni tí kò bá lè ya etí odò kò lè júwe rẹ̀ fún ẹni tí yóò wa ọkọ̀ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Frederick Forbes jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí ààfin Gezo ní Dahomey ní 1849 àti 1850, ìwé rẹ̀ sì jáde ní apá méjì ní 1851 pẹ̀lú àwọn àwòrán aláwọ̀ mèremère tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ láti inú ohun tí òun fúnra rẹ̀ yà. Nínú ìwé yìí kan náà ni àwòrán ọmọdébìnrin Yorùbá kan wà, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn, tí ọba Dahomey fi ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi Forbes, Bonetta, ni wọ́n fi kún orúkọ ọmọ náà. Ọdún 1851 yìí náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, James George Philp sì ya ìjà náà. Nínú àwòrán Philp, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ojú kọ́kọ́ ń bá pàdé. Ìlú tí wọ́n ń yìnbọn sí wà ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún.

Ọ̀nà kejì ni ti ìwé ìròyìn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1842 ni Illustrated London News bẹ̀rẹ̀, ìwé ìròyìn tí ó ń fi àwòrán sọ ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Igi líle kan tí kì í tóbi ni wọ́n ń fín àwòrán sí. Nítorí pé igi náà kéré, bí àwòrán bá fẹ̀, wọn a so ègé púpọ̀ pọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú bóòtù, wọn a ya àwòrán náà sí ojú gbogbo wọn, lẹ́yìn náà wọn a tú wọn, wọn a pín ègé kọ̀ọ̀kan fún oníṣọ̀nà kan kí iṣẹ́ lè yá. Ọ̀kan lè máa fín ojú ọ̀run, kí èkejì máa fín igi ọ̀pẹ, kí ẹ̀kẹta máa fín ojú ènìyàn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó nílò láti rí Áfíríkà rí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ igi ọ̀pẹ inú àwòrán ìgbà náà fi jọ ara wọn bí ìbejì, tí ojú àwọn ènìyàn sì fi jọ ojú tí oníṣọ̀nà ń rí ní òpópónà London, àfi pé wọ́n kun ún ní dúdú. Àwọn Yorùbá ti ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nínú ọ̀ràn yìí, àlejò náà kò tilẹ̀ kúrò ní ilé rẹ̀.

Àwọn míṣọ́nnárì náà ṣe tiwọn. Sarah Tucker kó ìwé rẹ̀ nípa Abẹ́òkúta, tí ó jáde ní 1853, jọ láti inú lẹ́tà àti ìròyìn àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ Ọlọ́run níhìn-ín. Ìwé Anna Hinderer nípa ọdún mẹ́tàdínlógún rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá jáde ní 1872, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìwé tí a fi ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ìjọ ni púpọ̀ nínú irú ìwé wọ̀nyí, àwòrán inú wọn sì ní láti sọ ohun tí yóò mú kí ènìyàn ki ọwọ́ bọ àpò: ilé ìjọsìn tuntun, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, òrìṣà tí a fẹ́ kí wọ́n kọ̀ sílẹ̀.

Ibi tí ọkọ̀ ojú omi dé, ibi tí míṣọ́ọ̀nù kọ́lé sí, ibi tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti jà: àwọn ibi mẹ́ta yìí ni pẹ́ńsù ayàwòrán ń tẹ̀ lé. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun lọ sí Asante ní 1873, Illustrated London News rán Melton Prior lọ láti máa ya ogun náà. Kírìjì gùn ju ti Asante lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ṣùgbọ́n ogun láàárín ọmọ ìyá ni, kò sí ọmọ ogun Ọbabìnrin tí òbí rẹ̀ ń retí ìròyìn rẹ̀ ní London. Òkè Ẹ̀fọ̀n kò sì gba ọkọ̀ ojú omi. Daniel May, ọmọ ogun ojú omi kan tí ó fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ Yorùbá já Núpé ní 1858, kọ ìròyìn ìrìn àjò rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní London, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1860. Àwọn onímọ̀ ń kà á títí di òní. Ọ̀rọ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀.

Ohun kan wà ní London, síbẹ̀, tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ọba Èkìtì wá, bí a bá lè pè é ní yíyà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1886, wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà láti parí Kírìjì. Orúkọ Aláàfin, Ọọ̀ni, Awùjalẹ̀ àti àwọn olóyè Ìbàdàn wà nínú rẹ̀. Ti Ọwá Iléṣà, Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn, Ajerò Ìjerò àti Olójùdó Ìdó náà wà níbẹ̀. Àwọn tí kò kọ́ ìwé kíkọ fi ìlà méjì tí ó dábùú ara wọn ṣe àmì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé náà fún àwọn aṣòfin rẹ̀ ní 1887, ó sì ń bẹ nínú àwọn ilé ìkàwé títí di ìsinsìnyí. Ìlà méjì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi pamọ́ dípò ojú ọba.

Ṣùgbọ́n bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò bá ya Èkìtì, Èkìtì ya àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀, ní nǹkan bí 1873, kí ó tó lọ sí Ìsẹ̀ láti ṣiṣẹ́ fún Arinjalẹ̀. Ìdí nìyí tí ayé fi mọ̀ ọ́n sí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn oníwé méjì fún ààfin Ògògà ti Ìkéré. Ní apá kan, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé, ayaba sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkìtì, ń bọ̀ wá kí ọba. Kò fẹsẹ̀ rìn. Àwọn ènìyàn ni ó gbé e, ó ká jọ sínú ohun tí wọ́n fi gbé e bí ẹrù, àwọn aláàárù sì ń tẹ̀ lé e.

Ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ yìí wé àwòrán Philp yóò rí ìyàtọ̀. Philp gbé ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì síwájú, ó gbé ìlú sẹ́yìn. Ọlọ́wẹ̀ jẹ́ kí ọba jókòó, kí àlejò máa bọ̀. Àwọn orí tí ó gbẹ́ yọ kúrò lára pákó, wọ́n sì yíjú sí ẹni tí ń wò wọ́n. Ọlọ́wẹ̀ kò fi aṣojú ìjọba náà ṣẹ̀sín ní gbangba, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbà pé ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ní 1924, wọ́n kó ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. British Museum fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á. Ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún ààfin. Èyí kò jọ ti Benin, tí wọ́n fi ogun kó ní 1897, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ti ń padà wálé láti Jámánì àti ibòmíràn láti ọdún mélòó kan wá. Pàṣípààrọ̀ ni. Ṣùgbọ́n pàṣípààrọ̀ láàárín ọba tí a ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ àti àwọn tí ó gbà á, ṣé a lè fi wé ti ọjà, níbi tí oníǹkan ti lè di ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ sílé? Ẹni tí ó bá ń sọ pé Ògògà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda ilẹ̀kùn kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀fọ̀n fúnra rẹ̀ kò dákẹ́ iṣẹ́. Agbọnbíọfẹ́, ọmọ ìdílé Adéṣínà, tí ó kú ní 1945, ni ó gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláayè ní nǹkan bí 1912 sí 1916: ẹlẹ́ṣin, ìyá tí ó gbé ọmọ, obìnrin tí ó kúnlẹ̀. Èyí gan-an ni àwòrán Ẹ̀fọ̀n tí àwọn ìwé alàwòrán Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ẹni tí ó mọ ìlú ni ó ṣe é, fún ọba tí yóò máa wò ó lójoojúmọ́. Nígbà tí Agbọnbíọfẹ́ ń gbẹ́ òpó, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan tí ń jẹ́ Aina Onabolu ń ya àwòrán ní Èkó. Nígbà èwe rẹ̀, àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó ni ó ń dà kọ láti fi kọ́ ara rẹ̀. Títẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní London di olùkọ́ fún un láìmọ̀. Kò yẹ kí a gàn wọ́n pátápátá.

Ohun tí ó kù ni àkọlé. Àwòrán tí ó wà ní ilé ìkàwé kò níye lórí ju ohun tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀ lọ, ẹni tí ó kọ ọ́ sì lè ṣi ìlú mú, ó lè pe ìjòyè ní ọba, ó lè pe ọba ní ìjòyè. Ní 2011, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò Áfíríkà láti inú fáìlì ọ́fíìsì amúnisìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ibi tàbí ènìyàn inú rẹ̀ wá sọ ọ́. Ìyẹn ni pé wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn tí ó wà ní ilé mọ̀ ju àwọn lọ. Ìpè náà kò béèrè ìwé àṣẹ ìrìnnà tàbí owó ọkọ̀ òfuurufú. Fóònù àti àgbàlagbà kan tí ó mọ ìlú tó. Ní Àrámọkọ àti Ìjerò, àwọn tí bàbá wọn rí Ambrose àti àwọn tí ó rọ́pò rẹ̀ ti di arúgbó. Wọ́n lè wo fọ́tò kan kí wọ́n sọ pé ilé báyìí nìyí, ìta ọba nìyí, igi yẹn ni wọ́n gé nígbà tí wọ́n ń la títì. Ilé ìwé girama wà ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ọmọ inú wọn sì mọ fóònù lò ju olùkọ́ wọn lọ.