Nọ́ọ̀tì Ńlá Inú Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá Tí Wọ́n Fi Ń Wa Bàálù

Láàrin àwọn ọdún 1950 ni àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn to bàálù kékeré nílẹ̀ Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ́ńjìnnì Volkswagen, ọkọ̀ tí àwa mọ̀ sí Ìjàpá. Ọ̀kan nínú wọn ni Turbulent, tí Roger Druine yàwòrán rẹ̀ nílẹ̀ Faransé. Ẹ́ńjìnnì náà fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú, kò nílò omi.

Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló de fáláwíìlì rẹ̀ mọ́ kráńkìṣáàfù. Sípánà 36 ló gbà á. Agbára tí a fi ń yí i le ní ẹ́ńjìnnì 1600 ni ti ẹrù kìlógíráàmù 35 tí a so mọ́ ìpẹ̀kun irin tó gùn ní mítà 1. Ọ̀pọ̀ sípánà tó ń ka agbára kò lè dé ibẹ̀.

Àwọn mẹkáníìkì mìíràn a ki páìpù bọ sípánà, wọn a sì fò lé e. Ta ni yóò wá sọ iye tó jẹ́? Bí nọ́ọ̀tì bá ń le, irin rẹ̀ ń nà díẹ̀. Nínà yẹn ló ń fún fáláwíìlì mọ́ra. Bí kò bá nà tó, fáláwíìlì yóò máa mì, àwọn píìnì tó mú un yóò sì máa fẹ ihò wọn títí gbogbo rẹ̀ yóò fi yẹ̀. Lójú títì, ọkọ̀ á kàn dúró. Lókè, kò sí ibi ìdúró.

Ẹni tí kò ní irinṣẹ́ ńlá lè fi ẹrù ṣe é. Kí ó kọ́kọ́ de ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdúró tó wúwo, kí ó sì fi irin mú fáláwíìlì, kì í ṣe abẹ̀bẹ̀ bàálù, nítorí pákó lè fọ́. Kí ó wọn mítà 1 láti àárín nọ́ọ̀tì dé ibi okùn. Irin náà fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n: bí ó bá jẹ́ kìlógíráàmù 4, tó sì nípọn dọ́gba, ìdajì rẹ̀ ni a ó kà, nítorí náà ẹrù 33 ló kù láti so. Ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ má jù ú sílẹ̀.

Bí irin bá rẹlẹ̀ kọjá ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, agbára rẹ̀ ti dín kù. Ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe, títí yóò fi dúró pẹrẹsẹ lábẹ́ ẹrù. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà ni kí ẹ fi wò ó. Ní ti òróró ojú ẹ̀yìnrin, ohun tí ìwé ẹ́ńjìnnì náà bá wí ni kí ẹ ṣe, nítorí òróró ń mú kí ẹrù kan náà na irin jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara fáláwíìlì. Ìlà yẹn ni ẹ ó máa wò nígbàkígbà tí ẹ bá tú ibẹ̀.