Pípa Okùn Gìtá Béèsì Lẹ́nu Mọ́: Àkíyèsí Kan Lórí Ìtàn Ohùn Ìsàlẹ̀ ní Ìlú Èkó

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀nà tí àwọn atagìtá béèsì ń gbà pa ariwo okùn tí wọn kò fẹ́ mọ́lẹ̀. Ó rọrùn láti rò pé pẹ̀lú ohun èlò náà ni ọgbọ́n yìí ti òkè òkun dé. A kò gba èrò yìí wọlé tán.

Ní ọdún 1951 ni Leo Fender gbé béèsì tí ó pè ní Precision jáde ní Amẹ́ríkà. Abẹ́ ìdérí irin tí ó wà ní ìdí okùn ni ó fi ohun rírọ̀ kan sí, tí kì í jẹ́ kí ìró pẹ́ nílẹ̀. James Jamerson, ẹni tí béèsì rẹ̀ gbé ọ̀pọ̀ orin Motown ró, fi fóòmù sí abẹ́ tirẹ̀. Ohun èlò fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òṣèré ń tú ìdérí kúrò, tí okùn tí ohùn rẹ̀ mú ṣáṣá sì gbòde láti ìdajì kejì àwọn ọdún 1960, ìka ọwọ́ ni iṣẹ́ já lé.

Iṣẹ́ náà kò kéré. Kí a tẹ okùn G ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, kí a ta á, kí a sì tètè dá a dúró: okùn A tí a kò fọwọ́ kàn yóò ṣì máa hun, nítorí pé ìró tí a ta ń gbọ̀n ní ìgbà 110 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po méjì 55 ti okùn A. Nítorí náà, àtàǹpàkò ọ̀tún gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé ìka, kí ó sinmi lé E àti A. Ìka òsì tí kò tẹ nǹkan kan gbọ́dọ̀ nà lé àwọn okùn yòókù láìtẹ̀ wọ́n.

Èyí kò ṣàjèjì sí àwọn onílù wa. Ìda tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú gúdúgúdú àti ojú òjò ìyáàlù bàtá, kí ni iṣẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe láti ki ìró mọ́lẹ̀, kí ohùn tí a kò fẹ́ má baà bá a jáde? Agídìgbo ńkọ́? Òun ni ó ń ṣe ohùn ìsàlẹ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ jùjú kan ní àwọn ọdún 1950, kí béèsì tó gba ipò rẹ̀. Irin rẹ̀ a dún, a sì kú kíákíá. Etí tí irú ìró kúkúrú bẹ́ẹ̀ ti mọ́ lára ni ó gba gìtá béèsì. Èrò tiwa ni pé gángan ni ó sọ ọ́ di dandan: bí okùn bá ń hun lábẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ ìlù ni yóò kọ́kọ́ bò mọ́lẹ̀, àwọn tí a ń fi ìlù kì kò sì ní gbọ́ oríkì wọn já.

Àbúlé tí a kọ́ fún àwọn àlejò FESTAC, tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 1977, ni Festac Town ti Amuwo-Odofin lónìí. Gilberto Gil wá láti Brazil, Sun Ra wá láti Amẹ́ríkà. Ilé ìjọsìn ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Èkó ti ń kọ́ béèsì nísinsìnyí, olókùn márùn-ún sì ni púpọ̀ nínú wọn ń ta. Okùn B tí ó nípọn jù lọ yìí sì ni ó ṣòro jù láti pa lẹ́nu mọ́. Níbi tí gángan àti béèsì bá ti jọ wà nínú ìjọ kan náà, ọ̀dọ̀ onílù ni a dábàá pé kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.