Ìgbà Òtútù Kọ́ Ni Òkun Ìlàjẹ Ń Le

Láti ọdún 1993 ni àwọn ará ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà, ti ń yọ̀ǹda ara wọn láti máa ṣọ́ etí òkun. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba máìlì kan, á máa rìn ín, á sì máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ Ayétòrò tàbí Àràròmí, ní etí òkun Ìlàjẹ níbí, bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, wọ́n á nílò ìwé ìlànà ní Yorùbá, ibẹ̀ ni wàhálà sì wà. Ìwé tí wọ́n bá kọ fún Oregon á ní kí wọ́n lajú gan-an nígbà òtútù, torí ìgbà náà ni ìjì ń gbá yanrìn lọ. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún apẹja Ìlàjẹ, ọyẹ́ ni yóò rò. Àsìkò ọyẹ́ rèé, òkun wa ń rọ̀ ni. Inú òjò, láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, ni omi ń wó ilé.

Òtútù wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe tiwa. Nígbà tí òjò wa ń rọ̀, ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, ní gúúsù Àtìláńtíìkì, ló ń tutù. Ìjì ń jà níbẹ̀, ìgbì tó bí á sì rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kó tó fọ́ sí Ayétòrò, nígbà mìíràn lọ́jọ́ tí ewé ò mì. Ìgbì àlejò ni mo pè é nínú ìwé tí mo ń túmọ̀ fún wọn, kó lè yàtọ̀ sí èyí tí afẹ́fẹ́ ibí gbé dìde. “Ìgbà òjò” ni mo sì fi rọ́pò “ìgbà òtútù” látòkè délẹ̀. Ẹni tó bá ní mo yí ìwé padà kò purọ́.

Ọ̀rọ̀ tó tún le jù ni ti ilẹ̀ tí òkun ń gbà. Omíyalé ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Àwọn mìíràn ní ọ̀gbàrá. Ṣùgbọ́n omi òjò ni ọ̀gbàrá, láti òkè ló ti ń ṣàn bọ̀. Omíyalé ní tirẹ̀ á fà. Onílé á gbá ẹrẹ̀ jáde, á sá ẹní sóòrùn. Ní Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ibi tí ilé wọn dúró sí gan-an ni òkun gbé lọ. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́: òkun jẹ ilẹ̀. Kí ojú ìwé ní òpó méjì, “omi tó wọlé” àti “ilẹ̀ tó lọ,” kí ẹnikẹ́ni má sì pa wọ́n pọ̀.

Ní Oregon, yanrìn tí ìjì kó lọ sábà máa ń padà bó bá di ìgbà ooru. Béèyàn bá ti kọjá Àràròmí sí ìlà-oòrùn, ẹrẹ̀ ló gba etí òkun. Ọ̀gbun abẹ́ òkun ló ń gbé yanrìn tó ń ti apá Èkó bọ̀ mì kó tó dé Ayétòrò tó wà lápá ibẹ̀, ẹrẹ̀ tí ìgbì bá sì ti pò kì í fẹ́ padà. Fún ìdí èyí, mo yọ “ìpadàbọ̀sípò” kúrò nínú ìwé Ayétòrò, mo fi sílẹ̀ nínú ti Àràròmí.

Wíwọn ìdagẹ̀rẹ́ ilẹ̀ rọrùn ní Yorùbá. K. O. Emery ló gbé e jáde ní 1961: igi méjì tó ga bákan náà, tí wọ́n fa ìlà sí láti orí wá sísàlẹ̀. Fi ọ̀kan sápá ilẹ̀, ìkejì sápá omi. Dúró ti tapá ilẹ̀, bẹ̀rẹ̀ títí orí igi iwájú á fi bá ibi tí òkun ti pàdé ọ̀run dọ́gba. Ìlà tí ojú rẹ bá bọ́ sí lára igi tìrẹ ló ń sọ bí ilẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ tó. Omi ń kún, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nítorí náà ìgbà tó bá fà ni kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n.

Ó ku òpó tí wọ́n á ti máa bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Ìwé òyìnbó ní kó jẹ́ ohun tí kì í yẹ̀. Ní Ayétòrò, mẹ́ta ni kí wọ́n rì, tẹ̀léra-tẹ̀léra sápá ilẹ̀, kí ìwé sì ní àyè fún ọjọ́ tí òkun gba òpó kìíní.