Àkọsílẹ̀ Ló Bí Òfin Akoto

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, T. E. Lawrence, ológun Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí, ń yà fún àwọn ọmọdékùnrin méjì tó gun kẹ̀kẹ́, ló bá ṣubú lórí alùpùpù rẹ̀. Kò dé akoto. Ọjọ́ kẹfà ló kú.

Hugh Cairns, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, wà lára àwọn tó tọ́jú rẹ̀. Cairns bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkọsílẹ̀ jọ. Ní 1941, ó tẹ̀ ẹ́ jáde pé láàárín oṣù 21 àkọ́kọ́ Ogun Àgbáyé Kejì, agun-alùpùpù àti èrò ẹ̀yìn wọn tó kú jẹ́ 2,279. Nínú àwọn tó fara pa tí òun fúnra rẹ̀ rí, méje péré ló dé akoto. Kò sí èyí tó kú nínú wọn. Lọ́dún náà gan-an, iléeṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì sọ akoto di dandan. Ní 1973, ó di òfin fún ará ìlú.

Lónìí, ICD-10 ya ìpalára sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó fà á: S06 ni ìpalára inú agbárí, V20 sí V29 ni agun-alùpùpù. Ẹni tó bá kọ S06 nìkan ti fi ọ̀kadà pamọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ẹ máa kọ méjèèjì. Òkú tí a kò kà kì í di òfin.